Ọlọ Inú Tí Kò Sí Lára Bàbá Àgbà

Bàbá àgbà mi kò ní ọlọ inú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn fúnra wọn máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ tó jókòó dáadáa, Bàbá á ti ká ẹ̀wù sókè, wọ́n á fi àpá gígùn kan hàn yín ní ikùn, lápá òsì, nísàlẹ̀ egungun ìhà, ibi tí ọlọ inú máa ń wà. Wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, ibí yìí ni wọ́n gbà kó ẹrù jáde lára mi." Ìyá Àgbà á fi ìborùn bo ojú. Àlejò á máa wo àjà ilé. Bàbá á wá fa aṣọ wálẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mu.

Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti lọ. Àwọn èèyàn sọ fún mi pé bó bá ti tó ọdún kan, á rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Mo ṣì ń bínú sí Bàbá, mo sì ṣì ń sunkún wọn, nígbà mìíràn láàárín ọjà, pẹ̀lú oníbàárà níwájú mi. N kò ní ka ìtàn ìgbésí ayé wọn bí ẹni tó ń kàwé níwájú pósí. Ẹ kàn jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Nàgó ni wọ́n, láti apá Pobè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, káfíńtà sì ni wọ́n ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní àdúgbò Rio, lẹ́yìn àwọn tó ń ta símẹ́ńtì. Ilé wa wà ní Sibang. Àwọn ará Gàbọ́ọ̀nù ń pè wọ́n ní Papa Menuisier, àwọn ará wa ń pè wọ́n ní Bàbá Káfíńtà. Èmi tí wọ́n bí síbí, tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, "Papi" ni mo kọ́kọ́ ń pè wọ́n. Bàbá kì í dáhùn. Mo lè pè wọ́n títí kí ọ̀fun mi gbẹ. Ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀, tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Àgbà," ni wọ́n á tó gbójú sókè bí ẹni pé ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n á ní, "Háà, ìwọ ni? Ọmọ Faransé kan ló ti ń dà mí láàmú láti àárọ̀."

Bí ọlọ inú wọn ṣe lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ibà kì í fi wọ́n sílẹ̀. Á mú wọn, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á làágùn, wọ́n á dìde, wọ́n á gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ibà náà kò gbé wọn ṣánlẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, Bàbá sì gbà pé ara àwọn ti le nìyẹn. Ohun kan wá yọ lábẹ́ ìhà wọn lápá òsì, ó le. Wọ́n rò pé iṣan tí iṣẹ́ káfíńtà ń fún èèyàn ni. Wọ́n a máa fi yangàn. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé wọ́n a máa ní kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn fọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè mọ bí ọkùnrin ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ kan, pákó òkúmé kan ta kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ igi, ó sì gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Kò gbá wọn púpọ̀. Wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n bú pákó náà, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Kò pẹ́ tí èjìká òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ibi tí ohunkóhun kò kàn rárá. Òtútù bò wọ́n, ojú wọn ṣú, wọ́n sì ṣubú sínú eruku pákó. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i pé ọlọ inú ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti kún inú Bàbá. Kò ṣe é rán. Wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, obìnrin ará Gàbọ́ọ̀nù kan, ló jókòó ti Bàbá nígbà tí ara wọn ń padà bọ̀ sípò, tó ṣàlàyé. Ó ní inú ọlọ inú ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ọ̀nà ibẹ̀ sì há. Ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà bá ti wọ inú rẹ̀ a máa le, kì í lè tẹ̀ kọjá mọ́, á há síbẹ̀, ọlọ inú á sì pa á run. Bí ibà bá ń padà wá lemọ́lemọ́, iṣẹ́ náà á pọ̀ jù, ọlọ inú á máa wú. Ohun tó yẹ kó fara pamọ́ sábẹ́ ìhà á yọ síta, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ohun kékeré á sì lè bẹ́ ẹ. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní Faransé, wọ́n sì gbé e wá sílé ní èdè tiwọn: "Ẹ̀jẹ̀ ni ògì, ọlọ inú ni asẹ́. Asẹ́ tèmi ti ya."

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ dókítà yẹn tó dun Bàbá ju ojú abẹ lọ. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí wọ́n rò pé ara wọn ti le yẹn, kòkòrò ibà ṣì wà nínú ọlọ inú, ó pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, ó pọ̀ ju èyí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri ara lọ. Ibi tí ara ti ń gbógun ti ibà gan-an ni ibà sá pamọ́ sí. Bàbá kò lè gbé ìyẹn mì. Bí wọ́n bá ti rántí rẹ̀, kódà lórí oúnjẹ, wọ́n á mi orí. "Olè ń sùn ní yàrá mi, èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí ara mi kú ìṣọ́."

Dókítà náà fi òfin kan lé wọn lọ́wọ́ kí ó tó dá wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ọlọ inú, bí ibà bá wọ ara rẹ̀, kò sí ohun tí yóò dí i lọ́nà. Kó tó di ọjọ́ kejì ó lè ti gba gbogbo ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí ara bá ti gbóná, Bàbá kò gbọdọ̀ jókòó sílé máa wò ó. Bàbá sọ òfin náà di ti gbogbo ilé. Wọ́n ní, "Ibà kì í sùn nílé mi." Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ojú títì ló ń lọ. Ẹ mọ bí takisí Libreville ṣe rí: ẹ ó pariwo ibi tí ẹ ń lọ àti ohun tí ẹ fẹ́ san láti ojú fèrèsé, awakọ̀ á fọn fèrè bó bá gbà, á tẹná lọ bí kò bá gbà. Bàbá kì í dúró de fèrè. Wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á sì ní, "Hôpital, mon fils. On discute en route," pé ilé ìwòsàn ni, kí àwọn jọ dúnàádúrà lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n dìde láàárín ìwàásù. Gbogbo ìjọ ń wò wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ máa bá a lọ o. Ara mi gbóná." Wọ́n sì bọ́ síta. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ooru ṣọ́ọ̀ṣì àti aṣọ tó nípọn ló mú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní ibà ìwàásù. Bàbá kò bínú rárá. Ohun tí wọ́n wí ni pé, "Ẹni tó sá tí kò rí nǹkan kan, ṣé kò sàn ju ẹni tó dúró tó rí i lọ ni?"

Bàbá kì í jà nítorí ilẹ̀ tàbí nítorí òfófó. Ìjà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n jà tí kò parí ni ti Ìyá Sàkétẹ́, aládùúgbò wa, tí ó máa ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Bí ikùn ọmọ bá wú lẹ́yìn ibà, ìyá ọmọ á gbé e lọ bá a. Ìyá Sàkétẹ́ á yọ́ òrí, á fi aṣọ gbígbóná tẹ abẹ́ ìhà ọmọ náà lápá òsì, á máa fọwọ́ tì í sókè díẹ̀díẹ̀, kí ohun tó wú náà lè padà sáyè rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ tí Bàbá ká a mọ́ ibẹ̀, wọ́n já ọmọ ọlọ́mọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ bẹ́ ẹ ni? Pákó lásán ló bẹ́ tèmi!"

"Bàbá Káfíńtà, ṣé mo ti wá kọ́ yín bí ẹ ó ṣe kan ìlẹ̀kùn rí?"

"Bí mo bá kan ìlẹ̀kùn tí kò dáa, igi ló bàjẹ́. Gbé ọmọ yìí lọ sí hôpital!"

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí Ìyá Sàkétẹ́ bá ń kọjá níwájú ilé wa, á gbójú sókè bí ẹni ń wo òjò, Bàbá náà á sì máa wá ìṣó nínú eruku, ìṣó tí kò sọnù. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọmọ pé láti ìgbà ìjà yẹn ló ti ń lé wọn lọ sílé ìwòsàn kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ kankan. Kò kàn fẹ́ kí Bàbá gbọ́ ni. Lọ́jọ́ tí Bàbá kú, òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó wá ní, "Ta ló kù tí yóò máa bá mi jà?"

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn nìkan ló wà lẹ́nu Bàbá. Aláwàdà ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn iṣẹ́ wọn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Ìlẹ̀kùn wọn pọ̀ ní Sibang. Bí a bá jọ ń rìn lọ, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn, wọ́n á tì í, wọ́n á tẹ́tí sí i. Onílé á sáré jáde, á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀: "Papa, il y a quoi?" Bàbá á ní, "Rien. Je salue ma porte," pé kò sí nǹkan kan, ìlẹ̀kùn òun ni òun ń kí. Nígbà tí mo lóyún, àwọn ni wọ́n kan ibùsùn ọmọ mi. Wọ́n fi sáńpépà ha igi náà títí ó fi ń dán, síbẹ̀ wọ́n tún ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn nu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní, "Ibi tí ojú ọmọ á kàn, ojú tèmi ni yóò kọ́kọ́ kàn án."

Ọmọ yẹn ni wọ́n kú lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìdílé Bàbá, àgbà tó máa sọ ọmọ lórúkọ kì í fi ẹnu rẹ̀ dárúkọ àìsàn láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìkómọ títí ọmọ á fi gba orúkọ, tí gbogbo ilé á sì fi tọ́ oyin àti iyọ̀ wò. Wọ́n gbà pé ohun tí ẹnu àgbà bá pè lásìkò náà ni ọmọ á máa bá rìn láyé. Èmi kò gbọ́ èyí rí títí Bàbá fi kú. Bàbá tí wọ́n bá òrí àti aṣọ gbígbóná jà, tí wọn kò mu àgbo mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọlọ inú wọn, èyí nìkan ni wọn kò jù nù nínú ohun tí wọ́n gbé wá láti ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, wọ́n jáde sí wa pẹ̀lú agbádá, súwẹ́tà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ooru ń mú. Mo ní, "Bàbá, súwẹ́tà ńkọ́?" Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ òkun ló ń fẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, nítorí ta ló ti rí afẹ́fẹ́ òkun ní Sibang rí? Wọ́n kí àwọn àlejò láti òkèèrè, wọn kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìka ni àgbà fi ń kan oyin sí ọmọ lẹ́nu, ṣíbí kékeré ni Bàbá lò. Wọ́n gba ọmọ náà tòun ti aṣọ tí a fi wé e, wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀, kó má fara kan àyà wọn. Àwa rò pé ọjọ́ orí àti ayọ̀ ló ń mú wọn gbọ̀n. Wọ́n pe orúkọ tí èmi àti ọkọ mi mú wá, kò sí èyí tí wọ́n pè tí kò já geere, wọ́n sì fi oríkì tiwọn lé e: Àbẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwo oyin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn èèyàn kò kánjú. Ẹni tó gbà á á ṣàdúrà gígùn, á ṣẹ̀fẹ̀, á ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Àwọn fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà nínú fóònù mi. Nínú gbogbo wọn, ibi yòówù kí àwọn tó kù máa wò, àwo oyin ni Bàbá ń wò.

Ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn lá oyin tiẹ̀ tán ni wọ́n tó pe bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn. "Dáre, gbé mi lọ. Ara mi gbóná."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti àná, nírọ̀lẹ́."

Igbe tí bàbá mi ké ló gbé gbogbo ilé dìde. A gbé wọn lọ. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró ní ìkóríta Rio, nítòsí ṣọ́ọ̀bù wọn, Bàbá sì ti sùn sí èjìká bàbá mi, oorun tí kì í ṣe oorun. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, dókítà tó gbà wá kò tilẹ̀ lè fi ẹ̀rù pamọ́ lójú rẹ̀. Ibà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ náà bámúbámú. Kò sí ohun tó lè dí i lọ́nà àfi oògùn, kò sì sí oògùn kankan tó wọlé láti àná. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe. Bàbá kú lọ́jọ́ kejì kí oòrùn tó wọ̀.

Wọ́n lajú lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n ní, "Bàbá Dáre, kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Bàbá wò wọ́n bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá fi orúkọ ibà ṣáájú orúkọ ọmọ?"

Àwọn ará ìjọ ń sọ fún mi pé ìfẹ́ nìyẹn, kí n máa dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. N kò fẹ́ ẹ. Bàbá ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n dìde láàárín èrò bí wọ́n ti ṣe lọ́jọ́ ìwàásù, kí wọ́n ní, "Ẹ máa bá a lọ o," kí a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Ọmọ á rí orúkọ gbà lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi, ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má bàa rí omijé rẹ̀.

Nígbà tó pé ọdún kan, a pe èèyàn sí ilé ní Sibang fún àdúrà ìrántí. Nílé wa, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà òkú, opó àti àwọn ọmọ kì í dìde títí yóò fi parí. Àbẹ̀kẹ́ ti ń rìn nígbà náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò rìn, orí ẹsẹ̀ mi ló sùn sí. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ. Mo wo fọ́tò Bàbá lórí tábìlì, mo sì rí i pé ẹnu mi ti ṣí. "Ara ọmọ mi gbóná."

Pásítọ̀ lajú wò mí. Bàbá mi na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ṣe sùúrù díẹ̀, ọmọ mi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Kí ó tó sọ ọ́ tán, Ìyá Àgbà ti dìde. Wọ́n so gèlè wọn le, wọ́n gba àárín àwọn àlejò kọjá, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èmi fi máa gbé ọmọ dé ojú títì, wọ́n ti dúró síwájú takisí kan, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, awakọ̀ náà ń pariwo, wọn kò sì kúrò.

Dókítà tó gba ọmọ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó fi ìka rọra tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀ lápá òsì, Àbẹ̀kẹ́ sì ké. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà ni. Ó ní ọlọ inú ọmọ náà wú díẹ̀, pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, pé oògùn á ràn án lọ́wọ́, pé kí a má bẹ̀rù. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ìyá Àgbà: "Vous avez bien fait de venir tôt, maman."

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní a ṣe dáadáa tí a tètè wá."

Láti ọjọ́ ìsìnkú, Ìyá Àgbà kò tíì sunkún lójú wa. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ojú wọn sí orí rẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́kún. Mo rò pé ọmọ ni wọ́n ń sunkún fún, mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́, pé ara rẹ̀ á yá. Wọ́n mi orí.

"Gbólóhùn kan péré ni o sọ níbẹ̀ yẹn," wọ́n ní. "Gbólóhùn kan péré, a sì ti débí."